Wáìnì Lórí Tábìlì Onígbàgbọ́: Ta Ló Jókòó, Ta Ni Kò Rí Mu?

Ẹ kó Onígbàgbọ́ mẹ́wàá jọ nílẹ̀ Yorùbá, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó tọ́ kí ọmọ Ọlọ́run fẹnu kan wáìnì, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí orí pẹpẹ ni àlùfáà ti ń gbé e sókè. Ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́ á ní òfin ìjọ òun kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹnìkan á ṣí ìwé Òwe, ẹlòmíràn á ṣí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótíù, kálukú á sì gbé èrò tó gbé wá padà sílé. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí títí mo fi gbà pé ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò dáa. Inú ìgò la ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ló wà níbẹ̀, báwo ló ṣe le tó, ṣé ó ń pa èèyàn àbí kì í pa èèyàn. Ìwé Mímọ́ kì í sábà gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí tábìlì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí: ta ló jókòó, ta ni wọn ò pè, ta ni kò rí mu, ta ló mu ju ti ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ náà, láti ayé àwọn Júù títí dé ibi ìkómọjáde àdúgbò wa.

Orí 14 ìwé Deutarónómì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ìwàásù ìdámẹ́wàá kì í dé. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ọ̀nà bá jìn jù fún ẹni tó fẹ́ kó ìdámẹ́wàá oko rẹ̀ lọ síbi tí Ọlọ́run yàn, kí ó tà á, kí ó mú owó rẹ̀ dání, kí ó sì fi ra ohun tó bá wù ú nígbà tó bá débẹ̀. Màlúù wà nínú ohun tí òfin náà dárúkọ, àgùntàn wà níbẹ̀, wáìnì wà níbẹ̀, ọtí líle pàápàá wà níbẹ̀. Òun àti ará ilé rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ níwájú Olúwa, tí inú wọn yóò sì dùn. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló mú kí n fẹ́ràn òfin náà: wọn kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ Léfì tó wà ní ìlú wọn tì, nítorí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀. Tó bá di ọdún kẹta, gbogbo ìdámẹ́wàá náà á di ti ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó. Ayọ̀ ìdílé ní ìlẹ̀kùn, òfin sì ní kí wọ́n ṣí i sílẹ̀.

Àwọn Júù gbé èrò yìí wọ inú oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá. Ife wáìnì mẹ́rin ni wọ́n ń mu lálẹ́ ọjọ́ náà, nínú ilé, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, tí ọmọdé á sì máa béèrè ìdí tí alẹ́ yẹn fi yàtọ̀. Nínú Míṣínà, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu wọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, wọ́n ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún tálákà tó tòṣì jù lọ ní Ísírẹ́lì ní ife tó dín sí mẹ́rin, kódà kó jẹ́ pé àpò àánú ìlú ni wọ́n ti máa fún un. Ẹ tún rántí pé wáìnì ayé ìgbà náà, omi ni wọ́n sábà máa ń bù là á kí wọ́n tó gbé e fún àlejò.

Ìgbéyàwó Kánà náà, ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Wáìnì tán nígbà tí àlejò ṣì wà níjókòó. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìyá ọkọ á máa sá wọlé sá jáde, àwọn àna á máa wo ara wọn lójú, ìtìjú náà á sì tẹ̀ lé tọkọtaya títí wọn á fi bímọ. Màríà ló kọ́kọ́ rí i, gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe máa ń rí irú rẹ̀. Ìkòkò òkúta mẹ́fà ni Jésù ní kí wọ́n pọn omi kún, tí a bá sì ṣírò ohun tí ìwé Jòhánù sọ pé wọ́n ń gbà, ó lé ní 450 lítà. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn bóyá ọtí ni tàbí omi èso. Èmi rí i pé aṣọ ni Jésù fi bo ìdílé kan tí àṣírí wọn fẹ́ tú, àti pé lára gbogbo àwọn tó jókòó, àwọn ìránṣẹ́ tó pọnmi nìkan ni ìwé náà sọ pé wọ́n mọ ibi tí wáìnì náà ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù ni Kọ́ríńtì. Ìjọ kò tíì ní ilé ìsìn nígbà náà. Ilé àwọn tó rí já jẹ ni wọ́n ti ń pàdé, oúnjẹ àjẹyó ni wọ́n sì fi ń rántí ikú Olúwa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹrú àti alágbàṣe ò lè tètè dé nítorí iṣẹ́, àwọn olówó á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí wọ́n gbé wá kí wọ́n tó dé. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù gbọ́ pé ebi ń pa ẹnìkan, tí ọtí sì ń pa ẹnìkejì nídìí tábìlì Olúwa kan náà, inú bí i gidigidi. Ohun tó bá wọn wí lé lórí ni kí a fara balẹ̀ wò. Ó dárúkọ ìmutípara, ṣùgbọ́n orí bí wọ́n ṣe dójú ti àwọn tí kò ní ló dúró sí, ìmọ̀ràn tó sì fún wọn ni pé kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Àwọn àgbà tiwa náà mọ̀ ọ́n: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní.

Mo máa ń rí Kọ́ríńtì níbi ìnáwó wa ní Sátidé. Lábẹ́ kánópì kan náà, tábìlì iwájú ní aṣọ funfun, wáìnì inú yìnyín, ife onígíláàsì tí wọ́n ti nù mọ́. Ẹ bọ́ sẹ́yìn ní ìlà mẹ́rin péré, píọ́ wọ́tà ló wà lórí tábìlì, bóyá pẹ̀lú Fanta mélòó kan tí ọmọdé ń jà sí. Obìnrin tó ń pín ohun mímu á wọ́ ìró rẹ̀ bo ìgò méjì tó fi pamọ́ fún ẹni tó mọ̀. Àwọn ìyá arúgbó tó ti agbègbè oko wá, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló tọ́ bàbá ọmọ dàgbà, á jókòó sẹ́yìn láìsí ẹni tó máa béèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo ti rí èyí níbi ìkómọjáde, mo ti rí i níbi ìkórè ìjọ, mo sì ti rí i níbi ìnáwó tí kò sí ẹ̀kán ọtí kan, tó jẹ́ pé wáìnì aláìlọ́tí ni wọ́n kó wá nítorí pásítọ̀. Àṣìṣe náà kò ní ọtí nínú, nítorí náà a kì í sábà gbọ́ ìwàásù lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ òun ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé lé lórí.

Pọ́ọ̀lù kan náà ló ní kí Tímótíù mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun ló tún sọ fún àwọn ará Róòmù pé ó sàn kí èèyàn yẹra fún ẹran àti wáìnì bí wọn yóò bá mú arákùnrin kan ṣubú. Àwa tí à ń jiyàn máa ń pín ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni pín ogún: èyí tìrẹ, èyí tèmi. Ojú kan náà ni Pọ́ọ̀lù sì fi kọ méjèèjì, ojú ẹni tó ń wo ipò ẹnìkejì. Ara Tímótíù ló wò níbẹ̀ yẹn, ẹ̀rí ọkàn aláìlera ló wò níbí. Ìdílé Rékábù tó wà ní orí 35 ìwé Jeremáyà náà ò mu wáìnì rárá, wọn ò sì kọ́lé, inú àgọ́ ni wọ́n ń gbé, nítorí bàbá ńlá wọn ló pa á láṣẹ. Jeremáyà gbé wáìnì síwájú wọn nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n kọ̀, Ọlọ́run sì yìn wọ́n nítorí pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ baba wọn mọ́. Ìtakété wọn, àdéhùn ìdílé ni.

Àwọn baba ìjọ àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yapa síra wọn lórí èyí. John Chrysostom wàásù ní Áńtíókù ní ọdún 387 pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni wáìnì, iṣẹ́ èṣù sì ni ìmutípara. Ẹni tó wú mi lórí jù ni Benedict ti Nursia, tó kọ ìlànà fún àwọn mọ́ńkì ní Ítálì ní nǹkan bí ọdún 530. Ní orí 40 ìlànà náà, ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun láti díwọ̀n ohun tí ẹlòmíràn máa mu, kó tó wá ní òṣùwọ̀n kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hemina máa tó ẹnìkan lóòjọ́. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá fún lágbára láti takété yóò gba èrè tirẹ̀. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ilẹ̀ ibi tí wọ́n wà kò mú wáìnì jáde rárá, kí wọ́n fi ìbùkún fún Ọlọ́run, kí wọ́n má kùn. Ìkùnsínú ló rí bí ohun tó lè tú agbo ilé ká, ó sì kìlọ̀ fún un ju àìsí wáìnì lọ.

Nígbà tí Martin Luther fi ilé mọ́ńkì sílẹ̀, tó gbé Katharina von Bora níyàwó ní 1525, ilé mọ́ńkì àtijọ́ ní Wittenberg náà di ilé wọn. Katharina ló ń pọn bíà, ló ń sin ẹran, ló ń ṣètò oúnjẹ fún ọmọ, ìbátan, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó sá wá. Ọ̀rọ̀ tí Luther ń sọ nídìí tábìlì yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sílẹ̀, tó di ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Luther yìí kan náà máa ń fi ìmutípara bá àwọn ará Jámánì wí gidigidi láti orí àga ìwàásù. Àwọn tó ń lo orúkọ rẹ̀ láti dá ọtí láre máa ń gbàgbé apá yẹn, wọ́n sì tún máa ń gbàgbé ẹni tó ń jí kùtùkùtù pọn ọtí náà.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ rí ibi tí wáìnì, ìgbàgbọ́ àti ìdílé ti dì mọ́ra jù, kó wo orílẹ̀-èdè Jọ́jíà tó wà lẹ́bàá òkè Caucasus. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì wáìnì lára ìkòkò níbẹ̀ tó ti tó 8,000 ọdún, wọ́n sì tẹ àbájáde náà jáde ní 2017. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Nino ló mú ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ìtàn wọn sì sọ pé ẹ̀ka àjàrà ni àgbélébùú rẹ̀, irun orí rẹ̀ ló fi dè é. Títí di òní, ìdílé tó ní ọgbà àjàrà máa ń ri ìkòkò amọ̀ ńlá, qvevri, mọ́ ilẹ̀ dé ọrùn, èso tí wọ́n fún á sì máa hó nínú rẹ̀. UNESCO kọ ọ̀nà ìpọntí yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2013. Ìkòkò kan wà tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjọ́ mímọ́, wọn kì í dédé fọwọ́ kàn án. Nígbà àsè, wọ́n á yan ẹnìkan tí wọ́n ń pè ní tamada. Òun ló máa sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu: lórí Ọlọ́run, lórí àlàáfíà, lórí àwọn òkú wọn, lórí àwọn ọmọ. Wọ́n ń mu púpọ̀ níbẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dá mu, ife kan ò sì lọ láìjẹ́ pé wọ́n fi rántí ẹnìkan.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú pátápátá ni ọtí tí wọ́n fi iná sè. Ayé Bíbélì kò mọ jíìnì. Nígbà tó gbòde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó ba ilé àwọn tálákà jẹ́ débi pé John Wesley kọ ọ́ sínú ìlànà ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní 1743 pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ rà á, kò gbọ́dọ̀ tà á, kò sì gbọ́dọ̀ mu ún àfi bí ọ̀ràn bá le pátápátá. Wesley fúnra rẹ̀ kò kọ wáìnì. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni ìkọ̀sílẹ̀ náà wá kan gbogbo ohun tó ń pani, àwọn obìnrin ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní December 1873, ní ìlú Hillsboro ní Ohio, Eliza Thompson kó àwọn obìnrin jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ kúnlẹ̀ síwájú ilé ọtí, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà nínú òtútù. Ọkọ ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà ló ń fi owó iṣẹ́ mutí tán, òfin ìgbà náà kò sì fún ìyàwó ní agbára púpọ̀ lórí owó ilé. Ẹni tó bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí pé wọ́n le jù kò tíì jókòó ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi owó ilé ìwé ọmọ mutí.

Inú ìgbì yẹn ni Thomas Bramwell Welch ti dìde, dókítà eyín kan tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní Vineland, New Jersey. Ní 1869, ó lo ọ̀nà tí Louis Pasteur ṣàwárí: ó fún èso àjàrà, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó fi omi gbígbóná sè é kí ó má baà kan, kí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè rí ohun tí kò ní ọtí lò fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń rọ sínú ife kékeré lónìí ti ibẹ̀ wá. Ṣáájú ìgbà náà, ó ṣòro gan-an kí omi èso àjàrà tó wà níbì kan títí di oṣù kejì láìdi ọtí.

Nílẹ̀ Yorùbá, etíkun kan náà tí ìhìn rere gbà wọlé ni jíìnì gbà. Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún náà ṣe ń parí lọ, jíìnì láti Hamburg àti Rotterdam ń ya wọ èbúté Èkó. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, owó orí ọtí yìí lé ní ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba ní Gúúsù Nàìjíríà láwọn ọdún kan. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí ẹni mímọ́ nítorí ìgbé ayé rẹ̀, gbógun tì í láti orí pẹpẹ àti nínú ìwé ìròyìn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909, ìgbìmọ̀ náà kò sì gbà pẹ̀lú Tugwell. Ìwọ̀n ìgbà tí ọtí bá ń bọ́ ìjọba, mo rò pé ó ṣòro kí ìgbìmọ̀ rẹ̀ rí nǹkan mìíràn. Ọdún 1919 ni àdéhùn Saint-Germain tó wá fi òfin de ọtí òkèèrè olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà. Nítorí náà, nígbà tí bàbá bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ ní òun ò mutí, ó ń kọ ohun tó ń pa á, ó sì ń kọ òwò tí wọ́n fi ń kó o jẹ.

Ẹmu tiwa ńkọ́? Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, á gbé akèrèǹgbè sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe ń kán ló ti ń hó. Ẹmu àárọ̀ dùn bí omi ìrèké, ọmọdé lè tọ́ ọ wò. Tó bá di ọ̀sán, á ti máa ta létè. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti di ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún géńdé. Lábẹ́ igi ni wọ́n ti ń mu ún, àbúrò á máa bù ú fún ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kọjá á gba igbá kan kó tó máa lọ, ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ á sì parí níbẹ̀. Àwọn kan pàdánù agbo yẹn nígbà tí wọ́n di ọmọ ìjọ. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tó lọ sí ilé ìwé Salvation Army, ìjọ tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní mutí láéláé, ló kọ The Palm-Wine Drinkard tó jáde ní 1952. Nínú ìtàn náà, ilé ọ̀mùtí náà kún fún ọ̀rẹ́ nígbà tí ẹmu ń ṣàn. Ọjọ́ tí adẹ́mu rẹ̀ já lulẹ̀ kú ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Mi ò tíì ka ìwàásù tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọ Aládùúrà ló dáhùn ìbéèrè agbo yìí ju bí wọ́n ṣe ń kà á sí wọn lọ. Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní 1925. Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930. Oshoffa dá Sẹ́lẹ́ sílẹ̀ ní Pọ́tónóvò ní 1947, òfin ìjọ náà kò sì gba ọtí, sìgá àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Èèyàn lè rò pé wọ́n kàn gba igbá ẹmu lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni, ṣùgbọ́n wọ́n fún wọn ní ife mìíràn. Ní Òkè-Oòyè, omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni èrò ń bù, wọ́n ń fi ìgò àti kèrègbè gbé e lọ fún aláìsàn ní abúlé tó jìn. Olówó mu ún, tálákà mu ún, kò sì sí ẹni tí wọ́n dá padà pé kò ní owó. Bí mo bá wo èyí pẹ̀lú òfin Míṣínà, wọ́n jọra gan-an.

Ní ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, oríṣiríṣi ni ọwọ́ wa. Òfin ìjọ Kátólíìkì ní wáìnì gidi láti ara èso àjàrà ni, tí kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní July 2003, Róòmù kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé àlùfáà tí ọtí ń ṣe ní ibi lè gba àyè láti lo omi àjàrà tí híhó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Áńgílíkà ń mu láti inú ife kan. Àlùfáà á gbé e kọjá lórí àwọn tó kúnlẹ̀, á fi aṣọ funfun nu etí ife, á yí i díẹ̀ kó tó kan ẹni tó kàn; lẹ́yìn ìsìn, á da omi sí i, á ṣàn án, á mu ún tán kí ohunkóhun má ṣòfò. Àwọn ìjọ mìíràn ń pín ife kéékèèké lórí àwo, Ribena ló sì wà nínú rẹ̀ níbò míì. Nígbà tí kòrónà dé ní March 2020, Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ife àjọmu dúró, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń jọ́sìn ní Lọ́ńdọ̀nù sì gba búrẹ́dì nìkan fún ìgbà pípẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó wà nínú ife. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ife kan ṣoṣo. Ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ á fi ẹnu kan etí ife kan náà, kò sì sí ibòmíràn tí mo ti rí i láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìṣòro wa tó ń gbèrú, inú ilé ló wà. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò sọ̀rọ̀ ọtí fún ọmọ ju pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bàbá tó ń mu á fi ìgò sínú bùùtù ọkọ̀, á mu ún níbi tí pásítọ̀ ò dé, ọmọ á sì gbóòórùn rẹ̀ lálẹ́. Ọmọ náà á lọ rí tirẹ̀ ní gáréèjì, nínú ọ̀rá pélébé tí owó rẹ̀ kò ju ti àkàrà lọ, tàbí lọ́wọ́ olójú-pópó tó ń ta paraga. Ní February 2024, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá àti ìgò kékeré, àwọn oníṣòwò sì fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi sún un síwájú. Inú ọ̀rá yẹn gan-an ni ọtí ti pàdánù ohun gbogbo tí Deutarónómì fi yí i ká: kò sí tábìlì, kò sí àgbà tó ń bù ú, kò sí àlejò, kò sí ọpẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi eyín ya á lẹ́nu kó tó jí ọkọ̀. Ohun tó ti ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ jù níbòmíràn náà jẹ́ agbo. Láti 1935 tí Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith ti pàdé ní Akron, Ohio, àwọn ọ̀mùtí tó fẹ́ jáwọ́ ti ń jókòó yíká, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú kọfí, wọ́n ń sọ òtítọ́ fún ara wọn. Mo fẹ́ kí ìjọ wa púpọ̀ sí i yá gbọ̀ngàn wọn fún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ tí kò sí ìsìn.

Ìgbéyàwó sì ń kó gbogbo èrò wọ̀nyí sínú ilé kan. Ìyá ìyàwó jẹ́ Sẹ́lẹ́, bàbá ọkọ jẹ́ Áńgílíkà tó máa ń mu ife kan lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ ti jáwọ́ nínú ọtí, kò sì fẹ́ kí gbogbo àna mọ̀. Àkọsílẹ̀ ẹrù ìdána ti dé, wáìnì wà níbẹ̀. Mo ti rí ìdílé tó fi èyí bẹ̀rẹ̀ ìjà tí kò tíì tán. Mo tún ti rí èyí tí alága ìjókòó pe ìyá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tí wọ́n fẹnu kò sí i pé wáìnì tí wọ́n bá gbé wá yóò jẹ́ ti àwọn bàbá láti gbé lọ sílé, pé mọ́ọ̀tì àti omi tútù ni gbogbo èèyàn máa mu ní gbọ̀ngàn náà, tábìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn bákan náà, àti pé ẹ̀yìn ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.